Ọwọ́ Ológbò

Ọdún tí Sachíyo wá kọ́ṣẹ́ aró lọ́dọ̀ mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
èmi náà ra ìwé olójú-ewé ọgọ́ta kan ní Ọjà Ọba.
Mo fi rúlà fa ìlà méjì sí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan:
tirẹ̀ lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì láàárín,
tèmi lápá ọ̀tún, níbi tí ọwọ́ aró ti ń tètè ba ìwé jẹ́.

Gẹ̀ẹ́sì ni afárá wa. Afárá ọ̀hún ò lágbára:
bí ọ̀kan bá gùn ún, èkejì a dúró létí odò.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ àwọn ará Ìkìrun wọ̀ wá lọ́rùn,
àádọ́ta ọ̀pá aṣọ, wọ́n fẹ́ ẹ kí ọ̀sẹ̀ tó parí,
ó nà ró, ó di ìbàdí mú, ó ní,
"Nẹ́kò nó té mó karitáì."
Ó wá ìtumọ̀ rẹ̀ kiri títí ó fi rí i:
ọwọ́ ológbò pàápàá, òun ì bá yá a lò.
Mo wo ológbò wa tó sùn sórí ògiri,
tí kò pa eku kan láti ọdún mẹ́ta.
Ẹ̀rín gbé mi, omi aró ta sí mi lẹ́nu.

Mo ní Gẹ̀ẹ́sì náà ní ológbò tirẹ̀:
bí òjò bá le, wọ́n ní ológbò àti ajá ló ń rọ̀.
Sachíyo wo ojú ọ̀run. Èmi náà wò ó.
"Ta ló ń dà wọ́n sílẹ̀?"
Ohun tí mo bi tíṣà mi nìyẹn nígbà kan,
ẹgba ló fi dá mi lóhùn.

Tí wọ́n bá mú un bínú, ikùn rẹ̀ a dìde dúró.
Tèmi, inú ní ń bí mi,
n kò sì ronú kan ọ̀rọ̀ náà rí láti ọjọ́ tí mo ti ń bínú.
Ó bi mí pé kí ni inú ọ̀hún bí.
Mo rántí ọkọ mi àtijọ́. Mo ní, "Ọmọ rẹ̀ ò lóǹkà."

Ẹni tó mọ ènìyàn púpọ̀, wọ́n ní ojú rẹ̀ fẹ̀.
Mo ní ti Sùbédà nìyẹn, tó ń ta kọ́sítíìkì ní Òkè-Fíà,
tí kì í kọjá ilé mẹ́ta láìkí ilé mẹ́rin.
Ẹni tí kò lè mu ohun gbígbóná, ahọ́n ológbò ló ní.
Òun gan-an nìyẹn: a gbé ògì kalẹ̀,
a máa wò ó, títí ògì á fi bo ojú bí ìyàwó.

Ọ̀bọ náà a máa jábọ́ lórí igi, ó ní.
A mọ̀ ọ́n. Ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń kọsẹ̀,
áḿbọ̀sì èmi tí mo ti ọ̀pá mẹ́wàá bọ aró láìdì í,
nítorí ẹ̀rín.

Yabáì ló dà mí láàmú jù.
Ọ̀kadà fẹ́ gbá a ní Olú-Òde: yabáì!
Ó kọ́kọ́ fẹnu kan mọ́ínmọ́ín, ó dijú: yabáì.
Nígbà tí aṣọ jáde nínú ìkòkò ní àwọ̀ ewé,
tí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, tó ń di aró lójú wa,
ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń gbàdúrà.
Mo ní èwo gan-an ni, ṣé ibi ni àbí ire?
Ìbídùn ọmọ mi dáhùn látẹ̀yìn,
"Ìyá mi, 'ó burú' ni."
Mo wo aṣọ náà dáadáa.
Lóòótọ́, ó burú.

Ní ìrọ̀lẹ́, tá a bá ti da omi sẹ́sẹ̀,
èmi a ní, "O kú iṣẹ́."
Òun náà ní tirẹ̀, ó gùn, ó sì ń tẹrí ba bó ti ń sọ ọ́:
ó ti rẹ̀ ọ́, mo rí i pé ó ti rẹ̀ ọ́.
A wá ti àárín títí. A fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Ọyẹ́ ló bá a lọ.
Lánàá ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi:
ológbò àti ajá ń rọ̀ nílùú àwọn.
Aṣọ Ìkìrun tún dé, Ìbídùn sì ti lọ ilé ìwé.
Mo nu ọwọ́ mi, mo tẹ èsì:
mú ọ̀kan nínú àwọn ológbò yẹn,
yá mi lọ́wọ́ rẹ̀.